Kẹ́hìndé Dọ̀bálẹ̀ fún Táyé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí Bàbá Àgbà, ilé ìwé tí wọ́n lọ àti iye ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ sáyé lọ, ẹ wo ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìnkú. Mọ́mì kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì fi fọ́tò kan tí Bàbá Àgbà kò fẹ́ràn rárá sí i. Èmi ò ní irú ìyẹn láti sọ. Ohun tí mo ní ni bàbá arúgbó kan tí kì í jẹ ẹ̀wà, tí yàrá wọn kọjú sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Pearland nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì máa ń fi téèpù wọn omi inú ìkòkò.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀. Ìbejì ni Bàbá Àgbà. Àwọn ni Kẹ́hìndé. Táyé wọn ṣì wà láyé ní Ṣakí. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀wà ni oúnjẹ ìbejì. Ìyá wọn a máa sè é lóòrèkóòrè, a máa pín in fún gbogbo ọmọ àdúgbò nítorí àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n tó ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìyá wọn se ìkòkò ẹ̀wà kan sílẹ̀ de ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀wà ti dín sí ìdajì. Táyé nàka sí Kẹ́hìndé. Wọ́n na Kẹ́hìndé níwájú gbogbo ọmọ tó gbé abọ́ wá gba ẹ̀wà. Nígbà tó sunkún tán, ó dìde láàárín agbo ilé, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè, ó ní: "Bí ẹ̀wà bá tún gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá, kí Táyé di bàbá mi."

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò. Kí ẹ̀gbọ́n wá dúró, kó ní kí àbúrò di bàbá òun! Ìyá wọn fọwọ́ bo ẹnu. Táyé ní tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, torí ó rò pé kò ní í ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Ó tó àádọ́rin ọdún.

Bàbá Àgbà kì í jẹ àkàrà, wọn kì í jẹ gbẹ̀gìrì. Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì fún wọn níbi ìkómọ, tí mọ́ínmọ́ín bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi fọ́ọ̀kì gbé e sí àwo ẹlòmíràn bí ẹni ń gbé òkú eku. Màmá Àgbà bá wọn gbé fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún láìse ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé àbúrò wọn ni Màmá Àgbà ti ń lọ jẹ ẹ́. Wọ́n á fi omi yọ ẹnu, wọ́n á jẹ obì lé e, wọ́n á wá máa bọ̀ nílé jẹ́jẹ́. Bàbá Àgbà á mí símú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ kú àjẹyó." Mọ́mì ní bí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn bá bi Màmá Àgbà pé irú ọkọ wo ni wọ́n fẹ́ gan-an, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Ọkọ dáadáa ni, ẹ̀wà nìkan ló gbà lọ́wọ́ mi."

Nígbà tí Màmá Àgbà kú, Mọ́mì mú Bàbá Àgbà wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n dé pẹ̀lú àpótí kan, téèpù ìwọnlẹ̀ kan nínú àpò aláwọ, àti ìbànújẹ́ tí kò jẹ́ kí wọ́n jẹun. Mọ́mì, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Medical Center, a máa dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n á gún iyán, wọ́n á se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, wọ́n á din dòdò. Bàbá Àgbà á jẹ òkèlè méjì, wọ́n á dúpẹ́ bí àlejò, wọ́n á rọra ti àwo síwájú. Wọ́n fi ìṣó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì wọn lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó yá, imú bẹ́líìtì náà yí dé ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé Mọ́mì máa ń jókòó sínú mọ́tò nínú gáréèjì, wọ́n á sunkún tán kí wọ́n tó wọlé. Bí a bá bẹ Bàbá Àgbà, wọ́n á ní: "Oúnjẹ yìí dára, ọ̀nà ọ̀fun ni kò ṣí."

Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá ti wọn ilẹ̀ fún ogójì ọdún kò lè jókòó tẹjú mọ́ ilẹ̀ tí kò wọ̀n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n mú téèpù, wọ́n wọn ẹ̀yìnkùlé wa láti igun dé igun, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n tún un wọ̀n. Wọ́n wá dé fìlà, wọ́n pè mí.

"Àjọkẹ́, wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ọgbà àwọn ará Íńdíà yìí wọ ilẹ̀ ìyá rẹ ní ínṣì mẹ́jọ."

Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. A yíká lọ sí ẹ̀yìnkùlé kejì. A bá ìyá arúgbó kékeré kan níbẹ̀, irun wọn funfun báláú, wọ́n ró sárì, wọ́n wọ bàtà kánfáàsì. Ìta ni wọ́n ti ń dáná, torí ọmọ wọn kò fẹ́ kí ilé máa ta sánsán. Kókílà ni orúkọ wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá Àgbà ti ń pè wọ́n ní Ìyá Kókílà, bí ẹni pé ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Kókílà. Wọ́n ní àgbàlagbà kì í jẹ́ orúkọ ní ìhòòhò.

"Màdáámù," Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òyìnbó iṣẹ́ ìjọba, "ọgbà yín wọ ilẹ̀ wa ní ínṣì mẹ́jọ."

Ìyá náà wo téèpù. Wọ́n wo bẹ́líìtì. Wọ́n wo ṣòkòtò tó ń wá ibi tí yóò já bọ́ sí.

"Jókòó," ni wọ́n wí.

"Mi ò wá jókòó. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo bá wá."

"Jókòó. Jẹun."

Òyìnbó tí ìyá náà gbọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó sì tó. Wọ́n bu nǹkan kan sínú abọ́: ìrẹsì tó rọ̀ kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, àwọ̀ rẹ̀ bí inú ẹyin, bọ́tà yíyọ́ ń dán lórí rẹ̀. Kíṣídì ni wọ́n pè é. Bàbá Àgbà gbé ṣíbí sókè, wọ́n wò ó yíká bí ẹni ń wo òkúta ààlà.

"Kò sí ẹ̀wà níbẹ̀?"

"Kò sí ẹ̀wà," Ìyá Kókílà dáhùn, wọ́n mi orí gan-an. "Dáàlì."

Àpò dáàlì náà wà lórí tábìlì níwájú mi. Mo rí i kedere: ẹ̀wà ni, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n bó, tí wọ́n là sí méjì. Mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ti gbé ṣíbí kìíní mì. Wọ́n gbé ìkejì mì. Ó ti ju oṣù márùn-ún lọ tí mo ti rí i kí wọ́n jẹ ju ṣíbí mẹ́ta lọ. Wọ́n jẹ ẹ́ dé ìdí abọ́, wọ́n fi ìka nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n pọ́n ọn lá. Mo pa ẹnu mi dé.

Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, téèpù ti wọ inú àpò. Wọ́n ní: "Àjọkẹ́, mo lọ jà, wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Ínṣì mẹ́jọ kò tó nǹkan."

Mo dúró de Mọ́mì nínú gáréèjì lọ́jọ́ náà. Mo ní Bàbá Àgbà ti jẹun. Mọ́mì gbé ọwọ́ sókè dúpẹ́. Mo wá ní ẹ̀wà ni wọ́n jẹ. Ọwọ́ náà dúró lókè.

"Ẹ̀wà báwo?"

"Dáàlì, Mọ́mì. Ẹ̀wà ni. Wọ́n kàn bó èèpo rẹ̀ ni."

Mọ́mì ro ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, wọ́n rò ó sósì. Wọ́n jẹ́ ọmọ tó bẹ̀rù bàbá wọn, wọ́n sì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ló borí. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní: "Ta ló bi ẹ́?"

Bí irọ́ ṣe wọ ilé wa nìyẹn, ó sì bá wa gbé fún ọdún mẹ́ta.

Kò pẹ́ tí Bàbá Àgbà fi ní àwọn kò lè máa tọrọ oúnjẹ lẹ́yìn ọgbà lójoojúmọ́. Wọ́n fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ọkùnrin yìí, tí kò bomi ka iná rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i! Ìyá Kókílà kọ́ wọn. Ife ìrẹsì kan, ife dáàlì kan, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, ẹ fi iyọ̀ àti ata ilẹ̀ pupa sí i, ẹ bu omi sí i. Níbi omi ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ni Ìyá Kókílà fi ń wọn omi. Bàbá Àgbà ní ojú kì í ṣe òṣùwọ̀n. Wọ́n ti téèpù bọ inú ìkòkò, wọ́n ní ínṣì mẹ́rin àti ààbọ̀. Ìyá Kókílà yọ téèpù jù sílẹ̀. Bàbá Àgbà tún un tì bọ̀ ọ́. Wọ́n wá ya àwòrán ìkòkò náà sórí ìwé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilẹ̀, wọ́n fa ìlà omi, wọ́n fa ìlà ìrẹsì, wọ́n sì fi ọfà kékeré kan tọ́ka sí ìhà àríwá. Mo bi wọ́n pé kí ni àríwá ń ṣe nínú ìkòkò. Wọ́n ní: "Ọjọ́ tí ìkòkò bá sọnù, wàá mọ ibi tí wàá ti wá a."

Ìkòkò ìgbàlódé tí ooru inú rẹ̀ máa ń fọn fèrè ni wọ́n fi ń se kíṣídì. Tó bá fọn ún lẹ́ẹ̀mẹta, oúnjẹ ti jinná. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé èyí fún Bàbá Àgbà, tí ìjà omi máa ń lé wálé kí ìkòkò tó fọn, kí wọ́n tó dá a sè nílé wa nígbà àkọ́kọ́. Òkè ni mo wà nígbà tí fèrè dún. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́nìkan ní kíṣìnì. Mo wá wọn káàkiri. Mo bá wọn níwájú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí lẹ́tà, wọ́n ti dé fìlà, páàsìpọ́ọ̀tù àti gbogbo ìwé ìgbélùú wà lọ́wọ́ wọn.

"Wọ́n ti dé," ni wọ́n wí.

"Àwọn wo, sà?"

"Àwọn tó ń fọn fèrè."

Látọjọ́ náà, wọ́n ń bá ìkòkò náà sọ̀rọ̀. Yóò fọn, wọ́n á pariwo láti yàrá pé, "Mo ti gbọ́! Ọ̀kan nìyẹn!" Bí àlejò bá wà nílé, wọ́n á tọrọ gáfárà kí wọ́n tó dá a lóhùn. Wọ́n ní: "Ohun tó bá ní ohùn, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ ò gbọ́ ọ."

Ìjà wọn tó le jù ni ti ẹja. Ìkòkò Ìyá Kókílà ni wọ́n ń yá nígbà náà. Bàbá Àgbà wá rò pé oúnjẹ náà dùn lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò ní ìpìlẹ̀. Wọ́n ki ẹja àrọ̀ gbígbẹ méjì sí i. Ìyá Kókílà, láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, kò fẹnu kan ẹran, ẹja tàbí ẹyin. Bàbá Àgbà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fọ ìkòkò náà lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó gbé e kọjá lórí ọgbà. Ìyá Kókílà ṣí ìdérí, wọ́n dé e padà.

Ìjà náà gba bí ìṣẹ́jú ogún. Ìyá Kókílà ń fi èdè Gùjárátì jà, Bàbá Àgbà ń fi Yorùbá dáhùn, kò sì sẹ́ni tó ṣi èkejì gbọ́.

"Mo fọ̀ ọ́! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ̀ ọ́!" Bàbá Àgbà na ìka mẹ́ta sókè.

Ìyá Kókílà náà na ìka mẹ́ta, wọ́n mì í sí wọn lójú. Títí dòní mi ò mọ ohun tó jẹ́ mẹ́ta nínú tiwọn. Wọ́n gbé ìkòkò náà lé orí ọgbà, wọ́n ní, "Tìrẹ," wọ́n sì wọlé.

Fún ọjọ́ mọ́kànlá, àwọn méjèèjì kò kíra. Bàbá Àgbà jókòó sẹ́nu fèrèsé, wọ́n ń díbọ́n pé ẹyẹ ni wọ́n ń wò. Lọ́jọ́ kejìlá, wọ́n ní kí n wa àwọn lọ sọ́jà àwọn ará Íńdíà ní Hillcroft. Wọ́n ra ìkòkò tuntun, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí páálí rẹ̀. Wọ́n gbé páálí náà lé orí ọgbà bó ṣe wà, kí ìyá náà lè rí i pé ẹja kankan kò tíì ráyè wọlé. Ìyá Kókílà rẹ́rìn-ín títí sárì fi já lé wọn léjìká. Bàbá Àgbà wọlé pẹ̀lú abọ́ kíṣídì gbígbóná, wọ́n ní: "Ìyá yẹn lè gbọ́ òórùn ẹja tó ṣì wà nínú òkun."

Ní gbogbo àsìkò yìí, Bàbá Táyé, ìkejì Bàbá Àgbà, ń pè láti Ṣakí ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Fídíò ni wọ́n máa ń pè, ṣùgbọ́n etí ni wọ́n máa ń gbé fóònù sí, nítorí náà etí nìkan la mọ̀ lára wọn. Lẹ́yìn ìkíni, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà, èyí tí wọ́n ti ń bi Bàbá Àgbà láti ìgbà ọmọdé.

"Kẹ́hìndé, o ò tíì jẹ ẹ́?"

"Mi ò jẹ ẹ́, mi ò sì ní í jẹ ẹ́."

"Ìwọ náà ṣe bí ọkùnrin."

Ṣíbí wà lọ́wọ́ Bàbá Àgbà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kíṣídì wà lórí ṣíbí. Mọ́mì á tẹjú mọ́ aago ara ògiri. Èmi á máa ka ìka ẹsẹ̀ mi. Bẹ́líìtì ti padà sí ihò rẹ̀ àtijọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti kún. Ta ni yóò fẹ́ ṣí ẹnu rẹ̀?

Díkínì Àlàbí ló ṣí i.

Ọjọ́ àwọn àgbà ni, ní ìjọ wa ní Mission Bend. Bàbá Àgbà ní àwọn ni yóò se oúnjẹ. Wọ́n se ìkòkò mẹ́ta, wọ́n dúró nídìí tábìlì pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù, wọ́n ń bù ú fún ọlọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kúkurú lórí ìwọ̀n omi. Díkínì Àlàbí, tí wọ́n ti kọ́ni nípa irúgbìn ní yunifásítì kan kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, jẹ àwo méjì. Wọ́n padà wá gba ìkẹta.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀wà yìí dùn."

"Ìrẹsì ni," Bàbá Àgbà wí.

"Ìrẹsì àti ẹ̀wà."

"Dáàlì ni."

Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré sí wọn láàárín. "Díkínì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo mọ́tò mi, ó ń dún."

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò," Díkínì ní. Wọ́n kọjú sí Bàbá Àgbà, inú wọn dùn bí olùkọ́ tó rí akẹ́kọ̀ọ́. "Ẹ̀wà ni dáàlì, sà. Ìran kan náà ni òun àti ẹ̀wà tiwa. Ẹ wo òdòdó wọn, ẹ wo èèpo tó ń bo ọmọ wọn, ọgbọọgba ni. Wọ́n kàn bó eléyìí ni, wọ́n wá là á."

Bàbá Àgbà wo inú ìkòkò. Wọ́n fi ṣíbí gbé ẹyọ kan tí kò tíì yọ́ dáadáa, wọ́n fi sí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n bọ́ fìlà. Wọ́n bọ́ épúrọ́ọ̀nù, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n gbé e lé tábìlì. "Àjọkẹ́," ni wọ́n wí, "wà mí lọ sílé."

Nígbà tí a dé orí títì Beltway, wọ́n bi mí.

"Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n mọ̀, sà." Mọ́mì wà lẹ́yìn, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò sí nínú mọ́tò.

"Ó wá ku èmi nìkan."

Mo ní kí wọ́n má bínú. Mo ní wọn kì í jẹun nígbà náà, ẹ̀rù ń bà wá. Mo tún ní, ẹ sáà wò ó, Bàbá Táyé wà ní Ṣakí, kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa ìbúra náà níjọ, ta ni yóò sọ fún wọn? Wọ́n yíjú sí mi. Ìbínú kò sí lójú wọn, àánú mi ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní: "Èmi ni mo búra, Àjọkẹ́. Mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí mo jẹ ẹ́."

Nígbà tí a délé, wọ́n wẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ funfun. Wọ́n dúró ní àárín kíṣìnì, wọ́n ní kí n pe Bàbá Táyé, kí n sì di fóònù mú dáadáa. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀.

"Bàbá, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin kì í dọ̀bálẹ̀ lórí táìsì."

"Ẹni ọdún mọ́kànlá ló búra. Òun ló fẹ́ dọ̀bálẹ̀."

Etí Bàbá Táyé yọ lójú fóònù. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò létí, ẹ wò ó." Fóònù yí, a rí òrùlé, a rí ewúrẹ́ kan, a wá rí ojú kan ṣoṣo. Bàbá Àgbà kúnlẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Wọ́n na gbogbo ara tọ́ọ́tọ́ọ́, àyà kan táìsì, iwájú orí kàn án.

"Kẹ́hìndé," ni Bàbá Táyé wí, "kí lò ń wá nílẹ̀?"

"Mo jẹ ẹ́."

"O jẹ kí ni?"

"Ẹ̀wà. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń jẹ ẹ́, mi ò mọ̀ pé ẹ̀wà ni. Ẹ káàsán, bàbá mi."

Ewúrẹ́ kan ké ní Ṣakí.

"Kẹ́hìndé, dìde."

"Mi ò lè dìde."

"Mo ní dìde! Mo ti dárí jì ẹ́."

"Ọ̀rọ̀ ìdáríjì kọ́. Orúnkún mi ni."

Mọ́mì sáré lọ pe ọmọ Ìyá Kókílà. Ìyá Kókílà fúnra wọn ló kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n rí Bàbá Àgbà ní gbọọrọ nínú aṣọ funfun, wọ́n rò pé òkú ni, wọ́n figbe ta, wọ́n ṣubú lé wọn, wọ́n di etí wọn méjèèjì mú, wọ́n ń fà á.

"Mo wà láyé, Ìyá Kókílà!" Bàbá Àgbà kígbe. "Ẹ fi etí mi sílẹ̀!"

Ọmọ wọn náà dé, àwa mẹ́rin la gbé Bàbá Àgbà sórí àga. Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi, Bàbá Táyé sì ń pè. Ohùn wọn ti yàtọ̀.

"Kẹ́hìndé, èmi ni mo jẹ ẹ̀wà ìyá wa lọ́jọ́sí."

"Mo mọ̀," Bàbá Àgbà dáhùn, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún. "Orí ẹní kan náà la jọ jí. Ẹ̀wà ń rùn lẹ́nu rẹ."

"O mọ̀? Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ìwọ ló yẹ kó sọ."

Bàbá Táyé fi ọwọ́ nu ojú. Àwa tá a wà ní kíṣìnì kò mọ ibi tí a ó wò. Bàbá Àgbà yíjú sí Ìyá Kókílà, wọ́n ní, "Ẹ sọ fún mi pé kò sí ẹ̀wà níbẹ̀." Ìyá Kókílà mi orí pẹ̀lú ìdánilójú, bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́: "Kò sí ẹ̀wà. Dáàlì." Ẹ̀rín pa Bàbá Àgbà títí wọ́n fi ń wúkọ́. Ẹ̀rù tó ń bà wá ni pé wọn ò ní í jẹun mọ́. Wọ́n nu ojú, wọ́n na ọwọ́ sí àwo. "Ẹ bù ú wá," ni wọ́n wí. "Mo ti di ọmọ Táyé, ẹ má jẹ́ kí n tún di ọmọ tí ebi ń pa."

Ipò bàbá náà ni Bàbá Táyé fi ń fìyà jẹ Bàbá Àgbà. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n bá pè ní Sunday, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti wẹ̀?" Bàbá Àgbà á pa eyín pọ̀, wọ́n á ní, "Mo ti wẹ̀, sà." Ṣùgbọ́n wọ́n tètè rí ọ̀nà gbẹ̀san. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tọrọ nǹkan bí ọmọ. "Bàbá mi, ẹ ra kẹ̀kẹ́ fún mi." "Bàbá mi, bàtà mi ti já." "Bàbá mi, wọ́n nà mí nílé ìwé, ẹ wá bá mi jà." Bàbá Táyé fara dà á fún bí oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tó ké jáde lọ́jọ́ kan pé: "Kẹ́hìndé, ṣé kò tíì tó àkókò tí wàá kúrò nílé bàbá rẹ ni?"

Ọ̀sán ọjọ́ Thursday kan ni Bàbá Àgbà lọ, lórí àga wọn, lẹ́nu fèrèsé. Wọ́n ti jẹun. Mọ́mì ló pe Ṣakí. Mo gbọ́ bí Bàbá Táyé ṣe bi Mọ́mì bóyá ó ní ìrora, Mọ́mì ní kò sí. Bàbá Táyé wá ní, "Ó dáa. Òun ló rán mi ṣáájú wá. Kò burú tó bá ṣáájú mi padà."

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Táyé kò pè fún ọjọ́ Sunday márùn-ún. Ìkẹfà, fóònù mi dún. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ oúnjẹ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Èkó rí dáàlì rà, ó fi ránṣẹ́ sí Ṣakí. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Ìyá Kókílà jókòó tì mí ní kíṣìnì wa, ìyàwó ọmọ Bàbá Táyé sì dúró nídìí iná lọ́hùn-ún lójú fóònù. Mò ń túmọ̀ òyìnbó kékeré Ìyá Kókílà lọ, mò ń túmọ̀ bọ̀. Wọn ò ní ìkòkò onífèrè, ìkòkò lásán ni wọ́n lò, ó sì pẹ́ kó tó rọ̀. Bàbá Táyé jókòó sídìí tábìlì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọwọ́ wọn lórí itan.

Wọ́n bù ú fún wọn. Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọn ò wo ẹnikẹ́ni.

"Ṣé nítorí èyí ni Kẹ́hìndé ṣe dọ̀bálẹ̀ fún mi?"

"Èyí ni, sà," mo dáhùn.

Wọ́n tún bu ṣíbí kan. "Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn."

Ìyá Kókílà fọwọ́ tọ́ mi, wọ́n ń bi mí pé kí ni bàbá náà wí. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa túmọ̀ rẹ̀ nígbà tí Bàbá Táyé ha ìdí àwo náà tán, wọ́n sì nà án sí ìyàwó ọmọ wọn láìgbójú sókè.

"Bu òmíràn wá."